Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Orin Wa Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í sábà ronú sí apá kejì rẹ̀. Apá kejì náà ni pé ọmọ tí a kò bá sọ lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi ọ̀nà ilé rẹ̀ hàn án. Bí ó bá sọnù lọ́jà, kí ni a ó fi kígbe pè é? Bí ẹni rere bá sì rí i, ta ni yóò dá a padà fún?

Ọ̀rọ̀ àwọn orin tó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà wa ni mo fẹ́ fi òwe yìí gbé kalẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ fóònù yín jáde kí ẹ wo àwọn orin Yorùbá tó wà níbẹ̀. Mélòó nínú wọn ló ń jẹ́ "Track 01"? Mélòó ló ń jẹ́ "AUD" pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ nídìí rẹ̀, bí ẹni pé ẹlẹ́wọ̀n ni? Mélòó ló jẹ́ pé orúkọ ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló hàn gàgàrà lára rẹ̀, tí a kò sì rí orúkọ ẹni tó fi ọ̀fun rẹ̀ kọ ọ́?

Èrò tèmi ni pé orin tí kò lórúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù ná, bí ó tilẹ̀ ń dún létí wa. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá jókòó tí ó ń to orin inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó ń kọ orúkọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Mo ní rárá. Iṣẹ́ ìmọ̀ ni. Bí a bá sì ń wá ẹni tí iṣẹ́ náà tọ́ sí jù lọ, àwa tí a ń kọ́ nípa èdè àti àṣà Yorùbá ni.

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ara mi ni n ó kọ́kọ́ bá wí.

Bàbá mi ní àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó wúwo ju ẹni kan lọ láti gbé. Haruna Ìshọ̀lá wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, I.K. Dairo àti Ebenezer Obey náà kò gbẹ́yìn. Yàtọ̀ sí àwọn òléwájú wọ̀nyí, àwọn àwo kéékèèké kan tún wà níbẹ̀, ti àwọn olórin tí òkìkí wọn kò kọjá ìlú méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí giramafóònù ilé wa kọṣẹ́, mo kó gbogbo àwo náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń fi kọ̀ǹpútà da orin kọ. Ó gba owó, ó fún mi ní fláàṣì kan. Inú mi dùn kọjá sísọ. Ohun tí ọkùnrin méjì ń gbé ti wọ inú ohun tí kò tó ìka ọwọ́ mi! Mo bá gbé àpótí náà sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò pa á, ikán jẹ páálí àwọn àwo náà, oòrùn sì mú kí àwọn àwo wọ́ bí ewé gbígbẹ. N kò kà á sí, torí mo gbà pé gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ti wà nínú fláàṣì.

Àṣé ìró nìkan ló wà nínú fláàṣì. Nígbà tí mo ṣí i wò dáadáa, "Track 01" títí dé "Track 94" ni mo bá pàdé.

Nínú fáìlì keje, ohùn ọkùnrin kan ń ki bàbá bàbá mi. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó pe oríkì rẹ̀, ó sọ iṣẹ́ télọ̀ tí ó ń ṣe, ó sì ki í dé ìdílé ìyá rẹ̀. Ìgbàkigbà tí orin náà bá dé ibẹ̀, bàbá mi a gbé oúnjẹ tì. Ó mọ olórin náà. Ó mọ ayẹyẹ tí wọ́n ti pàdé àti ọdún tí wọ́n ṣe àwo náà. N kò bi í léèrè rí, nítorí pé orin wà, bàbá náà sì wà. Nígbà tí ó di pé bàbá lọ sinmi, orin nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ohùn ọ̀kan nínú àwọn olókìkí tí a lè fi etí lásán dá mọ̀. Bí mo bá sì fẹ́ wá ẹ̀dà àwo náà tí kò ní hánhán lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, kí ni n ó ní mò ń wá?

Ní ọdún tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi lórí oríkì nínú orin àpàlà, mo gbé orin yìí lọ bá olùkọ́ mi. Ó fetí sí i dé ìparí. Ó mi orí, ó ní ó dùn. Ó wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló kọ ọ́? Inú àwo wo ló wà? Ọdún wo ni? Mo dákẹ́. Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ mi. N kò lè bínú sí i, nítorí ẹlẹ́rìí tí a kò mọ ibi tó ti wá, ilé ẹjọ́ kì í gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ó yé wa ni pé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́ kì í ṣe orin nìkan. Páálí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bébà róbótó tó wà láàrin rẹ̀ sọ̀rọ̀: orúkọ olórin, orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àkọlé orin, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde àti nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Bí ikán bá tilẹ̀ jẹ páálí, tí bébà sì bó, ẹ ó ṣì máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fín sára àwo fúnra rẹ̀ nítòsí àárín. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin ìyìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó ti lé ní 100 ọdún, síbẹ̀ a ṣì lè sọ ẹni tó kọ wọ́n, ibi tí ó ti kọ wọ́n àti ọdún tí ó kọ wọ́n. Ìdí ni pé wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí wọn.

Fáìlì MP3 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhòòhò ni ó máa ń jáde bí a kò bá wọṣọ fún un. Ní ọdún 1996 ni wọ́n dá ọgbọ́n ID3 sílẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé ìdánimọ̀ kékeré tí a ń tẹ̀ mọ́ inú fáìlì orin. Ìwé ìdánimọ̀ ti ìgbà náà kéré púpọ̀: báìtì 128 péré ni, ní ìparí fáìlì. Àyè lẹ́tà 30 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ olórin, 30 fún àkọlé orin, 30 fún àkọlé àwo, 4 fún ọdún. Ẹ gbìyànjú kí ẹ kọ "Alhaji Sikiru Ayinde Barrister" síbẹ̀: lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ jẹ́ 30 géérégé, kò ku ẹyọ kan. Ẹ wá kọ "Alhaji Haruna Ishola and His Apala Group": ibi "His A" ni àyè ti tán. Ó gé àpàlà mọ́ ọn lẹ́nu.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀yà orin. Ẹ̀yà 80 ni wọ́n tò sílẹ̀ nínú ID3 àkọ́kọ́ yẹn. Reggae wà níbẹ̀, Polka náà wà níbẹ̀. Jùjú kò sí, àpàlà kò sí, sákárà kò sí, fújì kò sí. Ohun tó sún mọ́ tiwa jù ni "Ethnic", bí ẹni pé àwọn tó ń jó Polka kò ní ẹ̀yà tiwọn! N kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wá ṣẹ̀sín. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ìdí rèé tí kò fi yẹ kí a máa retí pé ẹlòmíràn ni yóò wá bá wa kọ tiwa. Láti ọdún 1998 ni ID3 tuntun ti jáde, tí àyè sì ti gbòòrò nínú rẹ̀. Ẹ lè kọ "Àpàlà" tàbí "Wákà" síbẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tí yóò mú yín. Bí a kò bá wá kọ ọ́, ẹjọ́ ta ni?

Ìṣòro kejì ni ti orúkọ olórin. Àwọn olórin wa a máa gba oyè, wọ́n a máa pààrọ̀ orúkọ, wọ́n a sì máa jẹ́ orúkọ ọ̀gá wọn. Ẹ ṣí fódà kan kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní "Ayinla", ẹ ó rí i pé Àyìnlá Ọmọwúrà alápàlà tó kú ní Abẹ́òkúta ní 1980 àti Àyìnlá Kollington onífújì ti di ará ilé kan náà. Ẹ ṣí òmíràn kí ẹ pè é ní "Ayinde Barrister", Sikiru Àyìndé yóò wọlé, Wàsíù Àyìndé náà yóò wọlé tẹ̀lé e, nítorí pé Wàsíù Àyìndé Barrister ni orúkọ tí òun náà ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di Marshal, kí ó tó di K1 De Ultimate. Lódì kejì ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá fi oyè ya orúkọ, "Alhaji Barrister" yóò wà lọ́tọ̀, "Dr. Barrister" yóò wà lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ẹnì kan ṣoṣo di ènìyàn méjì.

Àmọ̀ràn tèmi ni pé kí a yan orúkọ kan fún olórin kọ̀ọ̀kan, kí a má fi oyè sí i, kí gbogbo àwo rẹ̀ sì wà lábẹ́ orúkọ náà. Orúkọ tí ó jẹ́ lórí páálí àwo pàtó, kí a kọ ìyẹn sí àyè àlàyé tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ohun tí à ń fò. Bí Sunny Adé bá ń lo Green Spots, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni; bí ó bá ti di African Beats, a ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni. Bákan náà ni ti àkọlé. Àwo kan wà tí Ebenezer Obey gbé jáde ní 1973, tí àkọlé ara rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ẹṣin, ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀. Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láàrin wa? "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́" ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹ kọ méjèèjì. Ẹni tó wá ti ìwé yóò rí i, ẹni tó wá ti òde ìnáwó náà yóò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ọ̀rọ̀ àmì ohùn, níbi tí mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti sún ojú ìwé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní, "Ta ló ráyè?" Mo ní kí àwa tí a ń fi àmì ohùn gba máàkì nínú ìdánwò má sọ bẹ́ẹ̀. Orin tí ẹ kọ àkọlé rẹ̀ sílẹ̀ ní "Ilu", ṣé ìlú ni olórin ń yìn ni àbí ìlù? "Owo" ńkọ́: owó ni, ọwọ́ ni, ọ̀wọ̀ ni àbí òwò? Ẹni tó bá gbọ́ orin náà yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń kọ àkọlé ni pé kí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ lè mọ̀.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ní wàhálà tirẹ̀ lórí èyí. ID3 àkọ́kọ́ kò mọ lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Ó lè kọ ó àti ò, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ, kò lè kọ ẹ, kò lè kọ ṣ. Àwọn ti ìsinsìnyí lè kọ ọ́, síbẹ̀ ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà. Lẹ́tà ọ tó ní àmì òkè lórí kì í ṣe ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè kọ ọ kí ó wá fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè kọ ó kí ó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, bíi Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n rí. Lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ẹ bá wá ọ̀kan, ẹ kò ní rí èkejì. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀nà ìtẹ̀wé kan ṣoṣo kí ẹ máa lò ó fún gbogbo orin yín. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé ẹni tí kò ní àmì lórí fóònù rẹ̀ kò ní rí orin náà, ẹ kọ orúkọ tí kò lámì sí ara fáìlì lóde, kí ẹ kọ èyí tó lámì pé sí inú ìwé ìdánimọ̀. Ṣebí àwa náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè wá nílé àti èyí tí wọ́n ń pè wá níléèwé.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni mo ń da ara mi láàmú sí, nígbà tí gbogbo orin ti wà lórí YouTube àti Spotify. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí a yá kì í ṣe ohun tí a ní. Orin tó wà níbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la bí àdéhùn láàrin wọn àti ẹni tó ni orin bá parí. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọdún tí wọ́n kọ sí orin àtijọ́ níbẹ̀ jẹ́ ọdún tí wọ́n tún un gbé jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wádìí lè kọ ọ́ sínú ìwé pé olórin tó ti kú ní 1980 ń kọrin tuntun ní 2005! Ti àwọn olórin kéékèèké bíi ti fáìlì keje mi ńkọ́? Inú àpótí àwọn bàbá wa ni púpọ̀ nínú wọn wà títí di òní, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí á wá ṣe? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n èyí tí èmi ń tọ̀ báyìí nìyí.

Èkínní, kí àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì tó wọ inú ẹ̀rọ, mo máa ń fi fóònù ya àwòrán páálí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, àti bébà àárín rẹ̀ ní ojú méjèèjì. Àwòrán yìí ń wọ inú fódà kan náà pẹ̀lú orin. Ká ní mo ṣe èyí nìkan ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, n kì bá tí kọ àròkọ yìí.

Èkejì, mo ń tọ́jú ìyá orin lọ́tọ̀, mo sì ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ lọ́tọ̀. WAV tàbí FLAC ni ìyá, MP3 ni ọmọ. Ìṣẹ́jú kan WAV tó dára bí ti sídì a máa gba bíi mẹ́gábáìtì 10, MP3 ti 128 a sì máa gba nǹkan bí ẹyọ kan. Ẹ ti rí i pé nǹkan kan ni MP3 jù nù kó tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jù nù kò ṣeé ṣà padà. Ẹ gbé MP3 sínú fóònù fún ìgbádùn, ṣùgbọ́n ẹ má pa ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, olórin ni mo fi ń ṣí fódà, lẹ́yìn náà ọdún, lẹ́yìn náà àkọlé àwo. Nọ́ńbà tó wà lára fáìlì sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú àwo: A1, A2, B1. Bí àwọn onígbèsè orin ti máa ń so orin márùn-ún pọ̀ láìdúró lójú kan àwo, n kì í gé wọn sí wẹ́wẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bí olórin ti so wọ́n, mo sì kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí àyè àlàyé. Bí ẹ bá ní fáìlì púpọ̀, Mp3tag àti MusicBrainz Picard yóò bá yín ṣe é kíákíá, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fún kọ̀ǹpútà oní-Windows. Ṣùgbọ́n bí Picard bá dárúkọ kan fún yín, ẹ wádìí rẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á.

Ẹ̀kẹrin, bí n kò bá mọ ọdún, n kì í purọ́. Mo ń wá ẹ̀rí nínú orin. Bí olórin bá ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé apá ọ̀tún ni kí wọ́n máa gbà, a mọ̀ pé ìyípadà oṣù Kẹrin 1972 ló ń sọ. Bí ó bá ń kí náírà àti kọ́bọ̀ káàbọ̀, ẹ wo itòsí 1973. Bí ó bá ń dárúkọ owó Údọ́jì, ẹ wo 1974 sí 1975. Mo kọ "bíi 1973" sí i, mo sì kọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Èyí tí n kò mọ̀ rárá, mo kọ "a kò mọ̀". Òfo sàn ju irọ́ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ní: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú díìsìkì lórí àjà, ìkẹta ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú mìíràn. Olè kò lè jí ilé méjì lóru kan náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó lè gbọ́ ìró ìlù kan kí wọ́n sì sọ pé, "Lágbájá nìyẹn, ọdún tí wọ́n fi Báálẹ̀ wa jẹ ni ó kọ ọ́," wọ́n ń dínkù. Nígbà tí mo gbé fáìlì keje lọ bá ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ohùn náà, pé orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu òun. Ó ronú títí. Orúkọ náà kò jáde. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo padà lọ, kò tíì jáde títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa gbé fóònù jókòó ti bàbá tàbí ìyá àgbà kan. Ẹ tan orin kan, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta tí olùkọ́ mi bi mí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí orin tó parí. Mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbà á bí iṣẹ́ ọdún: kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àkọsílẹ̀ orin mẹ́wàá wá, èyí tó pé, tó sì lámì, kí a kó wọn jọ sínú ìwé kan fún yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìsọmọlórúkọ kì í pẹ́ rárá nílẹ̀ wa. Àwọn ọmọ tí mo ń sọ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, a kò tíì wẹ omi sí wọn lórí.

Ẹni tó bá gbọ́ ohùn kan tó ń ki télọ̀ kan nínú àwo àpàlà kékeré, kí ó jọ̀wọ́ wá mi wá. Orúkọ olórin náà ni mo fẹ́ gbọ́.